Awọ Ewúrẹ́ Lábẹ́ Jíìpù

Orí òkè Ọ̀kà ni wọ́n bí ìyá bàbá mi sí, nígbà tí àwọn ènìyàn ṣì ń gbé láàárín àpáta. Ní àwọn ọdún díẹ̀ ṣáájú òmìnira, ó ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Ìkàrẹ́, ojú rẹ̀ sì ń fọ́ díẹ̀díẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni ó ń fẹ́: kí ó tún fojú ara rẹ̀ rí ibẹ̀ kí ó tó ṣókùnkùn sí i pátápátá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì lè gun òkè mọ́.

Àbúrò bàbá mi, àbíkẹ́yìn ìyá, ni ó ń wa jíìpù fún òyìnbó kan tí ń wọn ilẹ̀. Àwọn lébìrà ti la ọ̀nà tóóró dé orí òkè náà, kí òyìnbó lè ri òkúta àmì mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Jíìpù yẹn nìkan ni ó lè gùn ún. Òyìnbó gbà kí a gbé ìyá pẹ̀lú òun, ṣùgbọ́n ìrìn kan ṣoṣo ni ó kù kí ó kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Àkókó.

Nígbà tí ó ku ọ̀la tí a óò lọ, àbúrò bàbá mi wọ abẹ́ jíìpù, ó sì jáde pẹ̀lú gírísì níwájú orí. Irin gígùn kan wà lábẹ́ mọ́tò tí ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣáàfù ni àwọn awakọ̀ ń pè é. Níbi tí irin méjì ti wọ inú ara wọn, rọ́bà kan bò wọ́n bí ìbọ̀sẹ̀, kí gírísì má baà jáde, kí erùpẹ̀ má sì wọlé. Rọ́bà náà ti gbó, ó ti ya.

“Ìyá, a ò lè lọ mọ́,” ni ó wí. “Iyanrìn á jẹ irin yẹn. Tó bá lọ há lójú òkè, ẹ̀yìn la ó yí sí. Ìbàdàn ni wọ́n sì ti ń ta òmíràn.”

Ìyá nawọ́ sí i. “Ohun tó ya kọ́ ni? Mú mi débẹ̀.”

Igbá tí ó fọ́ ni ìyá ń gán, tí ó ń fi òwú rán pọ̀, nígbà èwe rẹ̀; ìlu, irin ṣóńṣó tí ó fi ń lu igbá, sì wà nínú àpò rẹ̀ títí di ìgbà náà. A tẹ́ ẹní sábẹ́ jíìpù, ó dùbúlẹ̀ lé e. Obìnrin aládùúgbò wa kan ń ru omi kọjá.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Mọkáníìkì. Kẹ̀kẹ́ ọkọ mi náà ń bẹ nílé.”

“Gbé e wá,” ni ìyá dáhùn láti abẹ́ mọ́tò. “Àmọ́ tó bá jẹ́ ọkọ ló bàjẹ́, mi ò ní abẹ́rẹ́ ìyẹn.”

Ó fọwọ́ pa ṣáàfù náà yí ká. “Ṣé ojú kan ló máa ń wà?”

“Rárá, Ìyá,” ni ọmọ rẹ̀ dáhùn. “Bí ọ̀nà bá ń gbé wa sọ, á gùn díẹ̀, á tún kúrú.”

“Bí ikùn ẹni tó ń mí. A ò gbọdọ̀ fún un pa nìyẹn.”

Ó fi awọ ewúrẹ́ rírọ̀ wé e, ó jẹ́ kí ó dẹ̀ díẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ki gírísì tuntun sínú, ìyá sì bẹ̀rẹ̀ sí rán an. Ó pa ojú rẹ̀ méjèèjì dé. Mo kúnlẹ̀, mo ń wò. Ìka òsì ń ṣáájú, ó ń wá ibi tí ìlu yóò gbà, ọ̀tún ń tẹ̀lé e pẹ̀lú òwú tí a fi ìda pa. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ni, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọdé bí a ti ń kọ̀wé kí ó tọ́ lórí ìlà. N kò tíì rí ìlà tí ó tọ́ tó èyí.

Àwọn ará ilé wa máa ń sọ pé awọ ewúrẹ́ ni ó gbé wa gun òkè Ọ̀kà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Irin ni ó gbé wa. Awọ kàn dí erùpẹ̀ lọ́nà ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, ní gbogbo ibi tí jíìpù ti ń kérora lórí àpáta, abẹ́ ẹsẹ̀ mi ni etí mi wà.

“Kí lo ń rí?” ni ìyá ń bi mí ṣáá. Mo sọ fún un: igi, kùrukùru, àwọn òrùlé páànù tí ń dán nísàlẹ̀. Kò rí wọn. Ojú rẹ̀ ti fọ́ ju bí ó ti jẹ́ kí a mọ̀ lọ.

Nígbà tí a dé òkè, ó ní kí n mú òun lọ síbi àpáta pẹlẹbẹ kan. Ó kúnlẹ̀, ó ń fọwọ́ wá nǹkan kiri lórí rẹ̀, bí ó ti ṣe lábẹ́ mọ́tò. Ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sínú kòtò kan tí ń dán, tí àwọn obìnrin ayé àtijọ́ fi ọkà lílọ̀ gbẹ́ sára òkúta. Ó tún fọwọ́ kan èyí tí ó tẹ̀lé e, èyí tí ó kéré.

“Ti ìyá mi rè é,” ni ó wí. “Èyí, tèmi ni.”

Ó jókòó tì í, ọwọ́ rẹ̀ sì wà nínú kòtò kékeré náà títí òyìnbó fi parí iṣẹ́. Kò bi mí mọ́ pé kí ni mo ń rí.