Ọjọ́ Tí Wọ́n Pe Ìyàwó Ilé Wa Lórí Fóònù

Láti ìgbà tí ìyàwó ọmọ mi ti kú, kò sẹ́ni tó tún ń pe àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀, Ràṣídì ní Akọ̀wé, tàbí Sìdíkátù ní Eyínfúnjowó, nínú ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Kò dárúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ rí. Àwa náà, Ìyàwó là ń pè é.

Ilé ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti ń ṣiṣẹ́. Inú bọ́ọ̀sì ló ti ń fi fóònù kàwé, kó lè gboyè másítà nínú iṣẹ́ náà. Bí nǹkan bá sọnù nílé, á ní, "Bàbá, ẹ fara balẹ̀. Kò sọnù, ibi tí kò yẹ ló wà."

Lọ́jọ́ tí yunifásítì rẹ̀ fẹ́ pe orúkọ àwọn tó yege lórí fóònù, gbogbo wa yí fóònù ká. Wọ́n pè, wọ́n pè, wọ́n parí. Ìyàwó bú sẹ́kún. Àjọkẹ́, ìyàwó mi, káwọ́ lérí.

"Ẹ gbà mí o! Wọn ò pe Ìyàwó wa!"

Èmi kì í gbàgbé orúkọ ènìyàn. Mo ní, "Àjọkẹ́, wọ́n pè é. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ni wọ́n pè. Ẹkún ayọ̀ ló ń sun."

"Háà! Ṣé Ìyàwó tún lórúkọ ni?"

Ilé dàrú fún ẹ̀rín. Ìyàwó wá kúnlẹ̀ níwájú mi kí n ṣàdúà fún un. Èmi tí mo ka ìwé mọ pírámárì mẹ́ta, mo ṣí fìlà fún ìyàwó ọmọ mi.