Aṣọ Pupa Etí Ìsun

Ẹ foríjì mí bí ọ̀rọ̀ mi kò bá dùn-ún kà. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, n kì í sì í sọ̀rọ̀ láwùjọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin àbúrò mi obìnrin tí ẹ ń pọn omi ní ìsun wa lónìí, ó yẹ kí ẹ mọ bí ó ṣe kù díẹ̀ kí ó bọ́ lọ́wọ́ wa.

Kété lẹ́yìn Iléyá èṣí ni. Àwọn ọkùnrin abúlé wa, lẹ́bàá Ọ̀tà, jókòó láti pín ilẹ̀: ibi tí wọn yóò tà fún iléeṣẹ́, ibi tí wọn yóò fi sílẹ̀ fún oko. Wọn kò pe obìnrin kankan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a bá igi kéékèèké tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ yí ìsun ká, aṣọ pupa wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Omi ibẹ̀ là ń mu, ìsàlẹ̀ rẹ̀ la sì ti ń rẹ ẹ̀gẹ́ fùfú tí à ń tà lọ́jà Sàǹgó.

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó so aṣọ pupa mọ́ nǹkan ti pààlè sí i. Ẹni tó bá kọjá ààlè, ohun tó bá rí, òun ló fà á. Kò sí obìnrin tó sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ẹ̀gẹ́ wa jẹrà sínú omi, òórùn rẹ̀ ń gòkè wá bá wa nílé. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ dákẹ́. Bí mo bá dúró lókè, mo ń rí igbá kan tí ẹnìkan gbàgbé, ó ń yí po lójú omi, kò rì, kò sì dúró.

Ìyá Ràṣídá, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ó kó wa lọ sí ìpàdé àwọn ọkùnrin náà. A jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá kan fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ṣé ọbẹ̀ ti jiná nílé ni.  Ìyá Ràṣídá bi ọ̀dọ́mọkùnrin tó ya àwòrán ilẹ̀ pé ààlè ta ni ó so mọ́ etí omi wa.

"Ààlè kẹ̀? Mọ́mì, kí n lè máa rí igi yẹn láti òkèèrè ni. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń lo ibẹ̀."

 Ìyá Ràṣídá yíjú sí Baálẹ̀. "Baba, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ààlè?"

Ilẹ̀ ni Baálẹ̀ ń wò. "Ẹ̀rù ń ṣọ́ ilẹ̀ ju ọlọ́pàá lọ."

"Kì í ṣe ilẹ̀ lẹ fi ẹ̀rù ń ṣọ́, Baba. Àwa ni."

A kò dìde títí wọ́n fi ya ìsun náà sínú àwòrán bí omi abúlé, tí wọ́n sì gba Ìyá Ràṣídá sí ìgbìmọ̀ ilẹ̀. Ohun tí a jèrè nìyẹn. Oko òkè ìsun ti lọ, ògiri iléeṣẹ́ ló wà níbẹ̀. Títí dòní, bí ọkọ bá kú, ẹbí rẹ̀ ló ń gba oko lọ́wọ́ opó. Ìjà yẹn ṣì kù, ọwọ́ yín ni mo fi í sí.

Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́ ọjọ́ ìpàdé náà, gbogbo wa ti mọ òtítọ́, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀rù kì í gbọ́ àlàyé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé garawa mi, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Atẹ́gùn kò fẹ́, àmọ́ aṣọ tó súnmọ́ omi jù ń mì. Mo ní Bísímílà, mo tú u. Mo tú àwọn yòókù. Mo ká wọn pọ̀, mo fi wọ́n ṣe òṣùká, mo gbé omi lé e, mo sì rọra gba iwájú gbogbo ilé abúlé kọjá.