Tíṣà Fọlábí àti Wọ́ọ̀tì Ọ̀rọ̀

Bí ẹ bá dárúkọ olóògbé Tíṣà Fọlábí l'Ọ́yọ̀ọ́ lónìí, ọ̀rọ̀ hóònù ni yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn ará Akẹ̀sán. Bàbá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ó wá ń fi eré kọ́ àwọn àgbàlagbà tí kò mọ̀wé kà, nínú ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Ó kan lúdò ńlá kan, ó so hóònù tírélà mọ́ ọn, ó gbé bátìrì ọkọ̀ sí i nísàlẹ̀. Ẹni tó bá ka ọ̀rọ̀ tó wà nínú ilé lúdò yóò ju dáìsì. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kà, hóònù yóò dún mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí bàbá sì kọ síbẹ̀, fún àwọn tí kò tíì dá A mọ̀ yàtọ̀ sí B, ni "àìgbọdọ̀máṣe".

Dorcas, obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń ta ike, ló kọ́kọ́ jókòó ti lúdò náà. Ó wo ọ̀rọ̀ náà síwá, ó wò ó sẹ́yìn. Òógùn bò ó. Kó tó la ẹnu, hóònù ti ké "pààààn!" Gbogbo ọjà rò pé bíréèkì tírélà ló já. Àwọn ọlọ́kadà fi ọ̀kadà sílẹ̀, wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Alápatà kan fo gọ́tà tòun ti ẹsẹ̀ màlúù lọ́wọ́. Dorcas kò dúró níbì kan títí ó fi dé gáréèjì, bàtà ẹsẹ̀ kan ló sì wọ̀ dé Ògbómọ̀ṣọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó gbé e wá s'Ọ́yọ̀ọ́ ju ti hóònù lọ. Ìjọ Onítẹ̀bọmi rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í jẹ ìyá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ni, bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí Praise ọmọ rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé kò mọ̀wé kà. Praise a ka ẹsẹ Bíbélì sí i létí nílé, òun a há a sórí, a wá ṣí Bíbélì níwájú àwọn èèyàn bí ọ̀mọ̀wé. Ogún ọdún ló ti ń ṣe é. Àmọ́ lọ́jọ́ àjọ̀dún ẹgbẹ́, ìjọ wọn ní àṣà kan: wọn a da ẹsẹ mẹ́ta kọ sínú ìwé, wọn a fi sínú àpòòwé, wọn a lẹ̀ ẹ́ pa. Orí pẹpẹ ni ìyá ẹgbẹ́ yóò ti ya á, tí yóò sì kà á lójú gbogbo ìjọ.

Oṣù mẹ́rin péré ló kù. Oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun Dorcas mọ́. Kò lè kọ́ ìwé kíkà ní Ògbómọ̀ṣọ́, torí kò sí kọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí èèyàn kò ti ní pàdé ọmọ ìjọ. Ìdí nìyẹn tó fi padà wá s'Ọ́yọ̀ọ́ ní Wednesday tó tẹ̀ lé e.

Àwọn àgbà ọjà ti gba hóònù lọ́wọ́ bàbá. Inú ń bí i.

Ó ní, "Ó le fún yín, àbí? Ó dáa. Ẹ máa gba èyí tó rọ̀."

Ló bá kó wọ́ọ̀tì tuntun jáde. Gbogbo káàdì, A ni. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí wọ́n máa pín in, Simon tó ń jó irin, tí òun àti Dorcas jọ ń kọ́ ìwé, ti sùn, ó ń hanrun. Dorcas náà yán.

"Tíṣà, ẹ má bínú sà. Ṣé A nìkan ló wà nínú Bíbélì ni?"

Bàbá kó káàdì rẹ̀, ó gba ilé lọ.

Simon ló kọ́ tíṣà lọ́gbọ́n, òun gan-an kò sì mọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó pe bàbá sí wọ́ọ̀tì gidi. Ó fi káàdì kan ṣoṣo jẹ ẹ́. Bàbá ní kí wọ́n tún un ta. Simon tún fi ẹyọ kan jẹ ẹ́. Àmọ̀kẹ́, ìyàwó bàbá, wá pè é jẹun nígbà mẹ́ta, kò dìde. "Ó kù díẹ̀ kí n jẹ ẹ́! Ó kù díẹ̀!" Nígbà tí oòrùn wọ̀, bàbá dédé gbé káàdì sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. Kí ló dè é mọ́lẹ̀ láti ọ̀sán? Ká ní Simon mọ̀ ọ́n ta jù ni, yóò ti bínú dìde. Ká ní kò mọ̀ ọ́n rárá, yóò ti sú u. Díẹ̀ ni Simon fi jù ú lọ.

Bí wọ́ọ̀tì ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ègé ọ̀rọ̀ ló wà lára káàdì kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù ló sì ní tirẹ̀; ẹni tó bá kọ́kọ́ tò ó di odindi ọ̀rọ̀ ló jẹ. Bí o bá jẹ bàbá, a fi káàdì méjì tó le kún tìrẹ. Bí ó bá jẹ ọ́ léraléra, a yọ ọ̀kan kúrò. Ọ̀rọ̀ tí Dorcas kọ́kọ́ tò ni "ike". Ó ti ń tà á láti ogún ọdún, kò mọ ojú rẹ̀ nínú ìwé rí. Ó kígbe, ó dìde, ó jó yí tábìlì ká. Bàbá fi káàdì méjì sí i lójú ẹsẹ̀. Dorcas wo ẹnu ọ̀nà.

"Ṣé ẹ̀rù ń bà ọ́?"

"Ó ń bà mí, sà."

"Ṣé ó pọ̀ tó kó o sá lọ?"

"Kò tó bẹ́ẹ̀, sà."

"Ó dáa. Ju káàdì."

Bàbá fúnra rẹ̀ kò fẹ́ kí wọ́n jẹ òun. Bí ó bá ti rí i pé òun fẹ́ fìdí rẹmi, a to ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan kò gbọ́ rí.

"Tíṣà, kí ló ń jẹ́ 'bakéta'?"

"Yorùbá àtijọ́ ni. Gbogbo àwọn tó ń sọ ọ́ ti kú."

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n ṣe àjọ̀dún, òun náà kú. Àìsàn ọjọ́ mẹ́ta ni. Dorcas sunkún débi tó fi ń tijú ara rẹ̀, torí ó mọ̀ pé apá kan ẹkún náà, ti àpòòwé ni. Ta ni yóò máa bi í bóyá ẹ̀rù pọ̀?

Ọjọ́ Ìsinmi náà pé. Ó gun orí pẹpẹ, ó ya àpòòwé, ó yọ ìwé. Ó ka ẹsẹ kìíní. Ó ka ìkejì. Ní ẹsẹ kẹta, ó bá "ìdúróṣinṣin" pàdé, ó há síbẹ̀. Ẹnì kan wúkọ́ nísàlẹ̀. Ó fojú tú ọ̀rọ̀ náà ká bíi káàdì, ó ń gbé e níkọ̀ọ̀kan: ì, dú, ró, ṣin, ṣin. Ó kà á já. Pásítọ̀ dìde, ó nu ojú, ó ní òun kò tíì rí ẹni tó ń ka Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tìbẹ̀rùtìbẹ̀rù báyìí.

Ní Wednesday, ó gbọ̀nà Ọ̀yọ́ lọ sọ fún Àmọ̀kẹ́. Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó yá, ó gbé páálí káàdì olóògbé ka iwájú Dorcas.

"Ìyá Praise, mo lé lógójì ọdún nílé tíṣà, mi ò mọ A. Ọ̀sẹ̀ tó gbé mi níyàwó ló kọ́kọ́ kọ́ mi. Mi ò tètè mọ̀ ọ́n, ó jágbe mọ́ mi, mo sá wọ ilé ìdáná. Nígbà tó rí bí eré yìí ṣe dùn mọ́ yín, ó wá bẹ̀ mí. Ojoojúmọ́ ló ń bẹ̀ mí, àní títí dórí ibùsùn àìsàn. Ẹ̀rù ò jẹ́ kí n dá a lóhùn." Ó fi ìborùn nu ojú. "Ẹ kọ́ mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má ṣáà jágbe mọ́ mi."

Ẹ̀rù ba Dorcas ju bó ṣe bà á lórí pẹpẹ lọ, torí kò kọ́ ẹnikẹ́ni rí. Ó tú páálí náà dé ìsàlẹ̀. Ó to káàdì mẹ́ta sórí tábìlì: Fọ, lá, bí. Ó wá wo ọwọ́ ìyá, ó rí i tó ń gbọ̀n. Ó kó méjì padà, ó fi ẹyọ kan sílẹ̀, ó sì jókòó dè é.