Bí Mo Ṣe Pọ̀n Ọmọ Gun Odi Ìlú York

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́ mi, ẹ wá gbọ́ ohun tójú mi rí! Èmi tí ẹ mọ̀ ní Malu Road, tí mò ń ta okùn àti tapólì tí wọ́n fi ń bo ẹrù fún àwọn onítírélà, èmi náà ni mo gun odi ìlú òyìnbó o! Mo sì pọ̀n ọmọ sẹ́yìn gùn ún!

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Bùkọ́lá, àkọ́bí mi, ló bímọ sí ìlú kan ní àríwá England tí wọ́n ń pè ní York. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń ṣe níbẹ̀. Bí mo ṣe gbọ́ pé ó ti bí, mo fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún àbúrò mi, ó di inú bàálù. Ta ló máa bá a wẹ ọmọ tí kì í bá ṣe èmi?

Mo débẹ̀, mo gbé ọmọ, mo jó. Ọmọ náà dára, ó sanra, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún dáadáa. Ìyá rẹ̀ gan-an ni mo wò tí àyà mi já. Ó ti rù. Ọkọ rẹ̀ á ti jáde lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, òun nìkan ló ń gbé ọmọ dalẹ́, ọmọ yìí kì í sì í fẹ́ kí wọ́n gbé òun sílẹ̀ rárá. Ẹ gbé e sílẹ̀ báyìí, igbe! Láti ìgbà tó ti bímọ, àfi ọsibítù nìkan ló ń gbé e jáde. Bùkọ́lá tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń dé ojúlé kẹta ní Ajégúnlẹ̀! Ó kàn ń jókòó sẹ́bàá fèrèsé ni, ó ń wo ìta.

Mo ní kó jẹ́ kí n pọ̀n ọmọ ká jáde. Ó ní rárá o, nínú ilé kò burú, ṣùgbọ́n tá a bá dé ìta, wọ́n á máa wò wá, ẹlòmíì á tiẹ̀ sọ pé a fẹ́ ṣe ọmọ léṣe. Ó ní kẹ̀kẹ́ ọmọ ni ká máa tì. Ṣé kí n bá a jà ni? Ó ṣe tán, òun ló mọ ìlú. Mo gbà fún un. Ṣùgbọ́n mo ká ọ̀já mi sí ìsàlẹ̀ báàgì, mi ò sọ fún un!

Ẹ wá wo odi tí mò ń sọ yìí. Láti fèrèsé wọn la ti ń rí i. Òkúta ni wọ́n fi mọ ọ́n, ó ga, ó yí àárín ìlú po, àwọn èèyàn sì ń rìn lórí rẹ̀ bí ẹní ń rìn lójú títì! Wọ́n ní àwọn ọmọ ogun ló máa ń dúró síbẹ̀ ṣọ́ ìlú láyé àtijọ́. Mo bi Bùkọ́lá pé báwo ni òkè ibẹ̀ ṣe rí. Ó ní òun ò gùn ún rí. Há! Ohun tó ń rí lójoojúmọ́!

Nígbà tó di Sátidé, oòrùn yọ, mo ní a ń lọ, ó parí. A ti kẹ̀kẹ́ ọmọ débẹ̀. Àwọn òdòdó pupa rúsúrúsú kún gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ abẹ́ odi, inú mi ń dùn ṣìnkìn. Àfi bá a ṣe dé ìdí àtẹ̀gùn. Àtẹ̀gùn òkúta tóóró! Kẹ̀kẹ́ ọmọ kò lè gùn ún láéláé. Ọmọ bú sẹ́kún, omi lé ròrò sójú ìyá rẹ̀ náà.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

Sílé kẹ̀? Mo fa ọ̀já yọ! Kó tó la ẹnu, mo ti bẹ̀rẹ̀, mo ti gbé ọmọ sẹ́yìn, mo ti so ó pinpin. Mo ní kó de kẹ̀kẹ́ mọ́ irin tó wà níbẹ̀, kó máa bọ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, òkè yẹn dára! Mo rí ṣọ́ọ̀ṣì kan tó ga ju ilé gbogbo lọ, mo rí òrùlé pupa lọ súà, mo rí rélùwéè tó ń kọjá nísàlẹ̀. Ọmọ ti sùn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, ẹ̀gbẹ́ kan odi náà kò ní irin kankan téèyàn lè dì mú! Tẹ́sẹ̀ bá yẹ̀, ó di ìsàlẹ̀. Ọ̀nà náà kò sì fẹ̀.

Ibẹ̀ la wà tí èrò rẹpẹtẹ fi yọ níwájú wa, àwọn tó wá wo ìlú. Bùkọ́lá di aṣọ mi mú. Èmi náà gbàgbé pé mi ò sí lọ́jà Boundary ní Ajégúnlẹ̀, mo figbe ta: "Ẹ yà fún wa o! Ọmọ ń bẹ lẹ́yìn! Ọmọ ń bẹ lẹ́yìn o!"

Ṣé wọ́n gbọ́ Yorùbá ni? Wọn ò gbọ́! Síbẹ̀ gbogbo wọn fà sẹ́yìn títí dé ibi tó fẹ̀, wọ́n dúró dè wá.

Bàbá arúgbó kan nínú wọn ló wá sún mọ́ wa. "Mọ́mì, ẹ ti kó wa sí wàhálà," Bùkọ́lá ń sọ wúyẹ́wúyẹ́. Bàbá yìí wo ọmọ, ó wo ọ̀já, ó wá béèrè pé báwo la ṣe ṣe é tí ọmọ kò fi já bọ́.

Mo dúró dáadáa, mo dá a lóhùn: "Oga, na me dey sell rope wey dem dey take tie trailer for Apapa. Dis one no fit loose!"

Bùkọ́lá bú sẹ́rìn-ín! Ẹ̀rín Ajégúnlẹ̀ yẹn gan-an! Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Bàbá náà ò mọ ohun tí mo sọ tán, ṣùgbọ́n òun náà ń rẹ́rìn-ín, gbogbo èrò ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ kò tiẹ̀ jí. Èmi ni mo wá ń sunkún, ẹkún ayọ̀ ni o.

Lọ́jọ́ tí mo ń padà bọ̀, Bùkọ́lá sìn mí dé ibùdókọ̀ rélùwéè. Kò ti kẹ̀kẹ́ ọmọ wá. Ó pọ̀n ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn, láàárín gbogbo àwọn òyìnbó, ọwọ́ méjèèjì ló sì fi ń juwọ́ sí mi títí mi ò fi rí i mọ́.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ká má tètè fi ohun tá a mọ̀ ọ́n ṣe pamọ́ nítorí ojú àwọn èèyàn. Wíwò lásán ni wọ́n ń wò, wọ́n lè fẹ́ kọ́ ọ ni! Ẹ̀yin náà ńkọ́? Kí lẹ gbé láti ilé dé ìlú ẹlòmíràn tí ojú kọ́kọ́ ń tì yín láti lò? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi, mò ń kà á.

Ọ̀já mi wà ní York o. Mo ti ra òmíràn ní Boundary.