Orógùn àti Eyín Àbúrò Mi

Èmi ni mo yọ eyín àbúrò mi, kì í ṣe ogun. Ogun ni gbogbo ará ilé ń dá lẹ́bi, mo sì dákẹ́ fún ọdún púpọ̀, torí ojú ń tì mí.

Bàbá wa wà ní bùdó ogun Kírìjì lọ́sàn-án ọjọ́ tí àwọn akónilẹ́rú ya wọ abúlé wa nísàlẹ̀ òkè Ẹ̀fọ̀n. Wọ́n ti iná bọ òrùlé, wọ́n bẹ́ aládùúgbò wa lórí lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ọkà ni mò ń rò. Mo fa àbúrò mi obìnrin, ọmọ bí ọdún mẹ́sàn-án, lọ́wọ́, a sá sábẹ́ àpáta, orógùn ọkà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Yèyé wa sá gba ọ̀nà mìíràn.

Ọmọ yìí, bí ó bá sunkún nílé, ará oko á gbọ́. Ẹsẹ̀ àwọn ọkùnrin náà ń dún lókè orí wa nígbà tó lanu.

"Yèyé, mo fẹ́ lọ ulé."

Mo fọwọ́ bò ó lẹ́nu, ó gé mi jẹ. Ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n kí n má parọ́, inú ló bí mi jù. Mo fi ìdí orógùn gbá a lẹ́nu. Eyín iwájú kan já bọ́ tòun ti gbòǹgbò, ẹ̀jẹ̀ bò ó láyà. Ó dákẹ́. Àwọn ọkùnrin náà kọjá lọ.

Ó ti pààrọ̀ eyín iwájú rẹ̀ tipẹ́, òmíràn kò sì sí lẹ́yìn èyí. N kò rò ó débẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé orí òrùlé là ń ju eyín ọmọdé sí, torí bí aláǹgbá bá rí i, òmíràn kò ní hù mọ́. Òrùlé wa ń jó, aláǹgbá sì kún orí àpáta. Mo sọ eyín náà sẹ́nu ara mi, mo fi pa mọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Kò pẹ́ tí yèyé wa fi rí wa. Ó wo ẹnu ọmọ náà.

"Kabi eyín ọ̀ún?"

Mo tu ú sí i lọ́wọ́. Ó gbá mi létí lẹ́ẹ̀mejì kó tó wò ó.

"Gbòǹgbò rẹ̀ ṣì tutù."

Ó di orí eyín náà mú, ó tì í wọ ojú ihò rẹ̀ bí ẹni ń tún ata gbìn, ó fa òwú létí aṣọ rẹ̀, ó sì so ó mọ́ eyín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Omi ń dà lójú àbúrò mi, kò ké.

Ẹ̀kọ mímu ló fi ń gbé ẹ̀mí ró títí eyín náà fi dúró ṣinṣin. Kò gba ìkankan lọ́wọ́ mi. Eyín náà dúdú díẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi jẹ àgbàdo.

Lẹ́yìn ọdún gbọọrọ, yèyé wa kú. Gbogbo ilé ń ké. Èmi ń ro ọkà àlejò nígbà tí àbúrò mi wọlé, òun náà ti di abiyamọ. Ó lanu, ó rí mi, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu. Orógùn tó wà lọ́wọ́ mi ló ń wò. Mo jù ú sílẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó ké. Kò ké.