Aṣọ Àrìnkiri

Ní ìlú Margilan, aṣọ a máa rìn ju èèyàn lọ. Ẹni bá ṣe ìnáwó, aṣọ ni wọ́n á kó fún un. Bí àlejò bá sì ń lọ sílé, kò gbọdọ̀ lọ lọ́wọ́ òfo. Ta ló ń rán gbogbo rẹ̀ wọ̀? Kò sẹ́ni! Èyí tí o gbà lónìí lo máa fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ lọ́la. Kìkì pé kí o má lọ fi fún ẹni tó fún ọ. Ìtìjú ńlá nìyẹn.

Ìdí rèé tí Mastura, opó tó ń ránṣọ ní yàrá ẹ̀yìn ilé rẹ̀, kò fi to aṣọ rẹ̀ bí àwọn aránṣọ yòókù. Kò wo àwọ̀, kò wo bó ṣe nípọn. Ẹni tó fún un ló ń wò. Ó ń fi òwú so igun aṣọ kọ̀ọ̀kan, àwọ̀ òwú kan fún ẹnì kan. Kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ibi tó ti ṣì í nìyẹn, ká má purọ́.

Oydin, ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, kì í ṣe ọ̀lẹ. Nígbà tí ìyá ọkọ rẹ̀ lọ sọ́jà, ó tú yàrá náà, ó gbọn eruku, ó já gbogbo òwú jákujàku yẹn dànù, ó sì to aṣọ ní àwọ̀ àwọ̀: pupa sókè, aláwọ̀ ewé láàárín, funfun nísàlẹ̀.

"Yéè! Ta ló rán ẹ níṣẹ́?" Mastura káwọ́ lérí nígbà tó dé.

"Màmá, ṣé kò dáa ni?"

"Ó dáa! Ó dáa tó bẹ́ẹ̀ tí n ò mọ aṣọ ta ni èwo mọ́. Ṣé o mọ ẹni tó ń bọ̀ lọ́la?"

Oydin mọ̀ ọ́n. Holida ni, ìyá ọkọ Zumrad, ọmọbìnrin Mastura. Láti ìgbà tí àwọn àna méjèèjì ti jà lórí oúnjẹ ìgbéyàwó, Holida kò jẹ́ kí Zumrad gbé ọmọ tuntun wá sílé ìyá rẹ̀. Mastura kò tíì fọwọ́ kan ọmọ-ọmọ rẹ̀ rí, ó sì ń dùn ún dé eegun. Nísinsìnyí tí Holida gbà láti wá jẹun, bó bá tún fi ìbínú lọ, ó tán nìyẹn. Ọjà aṣọ sì ti tú. Wọ́n yẹ aṣọ wò títí, wọ́n mú aláwọ̀ ewé kan, wọ́n ní ó jọ ti aládùúgbò.

Holida dé lọ́jọ́ kejì, ó jẹ ìrẹsì ẹlẹ́ran àgùntàn, ó mu tíì, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Bó ṣe dìde ni Mastura fi ọwọ́ méjèèjì gbé aṣọ náà fún un. Holida yí i padà, ó wo etí rẹ̀.

"Àna mi, aṣọ tí mo fún yín kọ́ rèé?"

Oydin sáré bọ́ síwájú.

"Ẹ má bínú, èmi ni mo..." ni Oydin bẹ̀rẹ̀.

Ìyàwó tuntun ló rọrùn jù láti di ẹ̀bi rù. Mastura wo ojú rẹ̀, àánú rẹ̀ ṣe é.

"Dákẹ́, ọmọ mi." Ó gba aṣọ náà, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó mú sísọ́ọ̀sì, ó sì gé e sí méjì.

"Ẹ gbà mí o!" Holida figbe ta. "Ẹ ti bà á jẹ́! Ta lẹ tún fẹ́ fún nígbà tẹ́ ẹ ti gé e?"

"Kò sẹ́ni. Ìrìn rẹ̀ parí síbí. Ìdajì tiyín, ìdajì tèmi, èmi ni n ó sì rán méjèèjì. Mo ṣì í ṣe, àna mi. Ẹ má bínú sí mi."

Holida mú ìdajì kan, ó fi ọwọ́ pa á.

"Gbogbo aṣọ tí mo ti ń fún èèyàn láyé mi," ó ní, ohùn rẹ̀ ti rọ̀, "n ò tíì rí ẹyọ kan lára ẹnikẹ́ni."

Ó bọ́ kóòtù rẹ̀ sórí àga, ó na apá méjèèjì.

"Ó yá, ẹ wọ̀n mí. Ẹ má sì jẹ́ kó fún mi láyà o, kí n lè ráyè gbé ọmọ yẹn mọ́ra tí mo bá ń gbé e bọ̀ wá fún yín ní Jímọ̀."