Wàrà Tí Mo Gbé Lọ Sílé Ọkọ Ẹ̀gbọ́n Mi

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi kú, bí a ṣe jáde níléèwé tí mo ti ń ṣe olùkọ́ ní Òkè-Oyì, mo ra wàrà lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní tó ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà. Mo dín in nílé mi ní Basin, mo fi ata sí i, mo gbé e lọ sí GRA. Ó ti mọ́ mi lára bẹ́ẹ̀. Olówó ni Alhaji, wọ́n ti wé láwàní oyè fún un, ṣùgbọ́n wàrà mi ló máa ń béèrè.

Nígbà tí mo dé, òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wà ní pálọ̀. Àbúrò náà ti gbé ike àgbo kan wá, ó ní ó ń wo ìtọ̀ ṣúgà. Alhaji mu ún, ó fún ojú pọ̀, ó fi wàrà mi pa kíkorò rẹ̀.

"Ọlọ́run á bá mi san án fún ọ," ló wí fún mi.

Mo wọ kíṣìnnì lọ bá ẹ̀gbọ́n mi. A ò tíì sọ̀rọ̀ jìnnà tá a fi gbọ́ tí nǹkan ṣubú gbì ní pálọ̀. Alhaji ni, kò sì dìde mọ́.

Dókítà tí wọ́n pè ní kí wọ́n gbé òkú náà lọ sọ́sibítù, kí àwọn lè mọ ohun tó pa á. Àbúrò náà kọ̀ jálẹ̀.

"Mùsùlùmí ni wá. Kò sẹ́ni tó máa fi ọ̀bẹ kan ẹ̀gbọ́n mi."

Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti kírun sí i lára, wọ́n ti sin ín. Nígbà tí mo padà sí pálọ̀, abọ́ wàrà mi ṣì wà lórí tábìlì. Ike àgbo kò sí mọ́. Mo bi àbúrò náà.

"Ike wo?" Ó tẹjú mọ́ mi. "Wàrà nìkan ni mo rí tí ẹ̀gbọ́n mi jẹ."

Ohun tí gbogbo ẹbí ń sọ kiri nìyẹn. Lọ́jọ́ àdúà fídáù, obìnrin kan gba omi lọ́wọ́ mi, ó gbé e sílẹ̀ láìmu. Ẹ̀gbọ́n mi pàápàá, tá a jọ jáde nínú ìyá kan náà, bi mí pé, "Ọwọ́ ta lo ti ra wàrà yẹn ná?" Mo sunkún délé. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ara mi: ṣé mo fọ ìkòkò yẹn dáadáa?

Nígbà tó yá, ìyá Alhaji, tó ń gbé pẹ̀lú wọn ní GRA, ránṣẹ́ sí mi, ó ní kí n dín wàrà bọ̀. Ó ti darúgbó, kì í sábà jáde ní yàrá. Mo gbé e síwájú rẹ̀.

"Jẹ ẹ́ kí n rí ọ," ló wí.

Inú bí mi, ṣùgbọ́n mo jẹ ẹ́. Ó wò mí títí, ó fa abọ́ náà mọ́ra, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ.

"Ìyá, ẹ ti gbà báyìí pé kì í ṣe èmi?"

"Ó ti wù mí kó jẹ́ ìwọ ni," ló wí jẹ́jẹ́. "Ojú fèrèsé yìí ni mo ti rí àbúrò rẹ̀ tó ń da àgbo yẹn sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé."

"Ẹ sọ fún wọn, Ìyá!"

"Ọmọ méjì ni mo bí. Ọ̀kan ti lọ. Bóyá kò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Bóyá ẹni tó tà á fún un ló ṣìṣe."

"Ẹni tí kò mọ̀, kí ló dé tó ń dà á nù?"

Ó tún bu wàrà sẹ́nu.

Ẹ̀gbọ́n mi ti kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí Tanke. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi, ó wá ní kí n má tún un sọ, torí àwọn ọmọ. Àbúrò Alhaji yẹn ló ń ṣe olórí ẹbí báyìí. Tá a bá pàdé níbi ìsọmọlórúkọ, òun ló máa ń kọ́kọ́ kí mi, tẹ̀ríntẹ̀rín. Mo máa ń dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa ń wò.